Àgúnmu tí Jọkẹ́ Gún fún Kíkẹ́lọmọ

Bí ẹ bá pàdé obìnrin kan lọ́jà Inísà ní nǹkan bí ọdún 1987, tí irun orí rẹ̀ ń dán, tí ìlà rẹ̀ tọ́ gbọọrọ bí ebè àgbẹ̀ tó mọṣẹ́, ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹni tó dì í. Kíkẹ́lọmọ ni. Abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé wọn ló ti ń dirun, èmi náà sì wà lára àwọn tó ń gbé orí lọ bá a. Tíṣà ni mí nígbà náà. Ojúgbà ni wá, a jọ dàgbà ni, kò sì sí ohun tó lè sọ sí mi tí n kò ní í dá padà fún un. Ó máa ń sọ pé irun mi le bí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Èmi á ní kó máa dì í lọ, ṣebí kì í ṣe orí tirẹ̀.

Ìka ọwọ́ ni gbogbo ọrọ̀ onídìrí. Nígbà òjò ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìka Kíkẹ́lọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bó bá jí láàárọ̀, kò ní í lè ká ọwọ́ rẹ̀ kò, àfi bó bá kọ́kọ́ rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Oríkèé rẹ̀ wú, ó pọ́n. Làkúrègbé ni. Irun tó máa ń dì tán kí oòrùn tó mú wá ń di ohun tí à ń jókòó tì títí di ọ̀sán, àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ọláwálé ọkọ rẹ̀ ń dáko ní Ìgbàyè, ṣùgbọ́n ẹ mọ oko: ọdún kan dáa, èkejì kò dáa. Irun tí ìyàwó rẹ̀ ń dì ni wọ́n fi ń tọ́ ọmọ. Ẹ̀rù ń ba Kíkẹ́lọmọ gidigidi, kì í ṣe ìrora nìkan ló ń pa á lẹ́kún.

Ẹ ó ní kí ló dé tí kò lọ sí ọsibítù. Èmi náà sọ ọ́ títí ó fi sú mi. Ẹ̀jẹ́ ló wà níbẹ̀. Aládùúrà ni, ó sì ti pẹ́ nílé ọkọ kó tó bímọ. Lọ́jọ́ kan ó kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó ní bí Ọlọ́run bá lè fún òun lọ́mọ, oògùn òyìnbó kò ní í gba ọ̀nà ọ̀fun òun mọ́ láéláé, hóró ni o, abẹ́rẹ́ ni o. Ọlọ́run fún un ní Ayọ̀olúwa, ó sì di ẹ̀jẹ́ rẹ̀ mú. Ewé nìkan ni kò sí nínú ẹ̀jẹ́ náà, torí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló gbin ewé. Ẹni tó kúnlẹ̀ tì í lọ́jọ́ náà, tó ń ṣe àmín kíkankíkan, ni Jọkẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Jọkẹ́ jẹ́. Òun àti Kíkẹ́lọmọ jọ ń wọ aṣọ funfun lọ sí ìjọ kan náà, wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan náà. Iṣẹ́ àgúnmu ló jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀: a máa sá ewé àti egbò, á gún un, á kù ú, á dì í sínú ọ̀rá, á kó o lọ sọ́jà Ìkìrun. Ẹnu rẹ̀ dùn. Bó bá ń kí ọ, wàá rò pé kò sí ẹlòmíì láyé mọ́. Òun ló gbé àgúnmu wá fún Kíkẹ́lọmọ lójú mi, bí mo ṣe jókòó lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú ìdajì orí dídì.

“Kíkẹ́, mo gún nǹkan kan fún ọ. Máa fi ẹ̀kọ gbígbóná mu ún láràárọ̀.”

“Kí ló wà nínú ẹ̀?”

“Ewé, egbò, èèpo igi. Kí ni ì bá tún wà níbẹ̀?”

“Ṣé kò sí oògùn òyìnbó nínú ẹ̀? O mọ ohun tí mo bá Ọlọ́run sọ o, Jọkẹ́.”

“Ṣé kò ṣojú mi ni? Ewé lásán ni. Ọlọ́run ń gbọ́ mi.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, láìṣẹ́jú.

Àgúnmu náà jẹ́. Mi ò ní í parọ́ mọ́ ọn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìka Kíkẹ́lọmọ ti ń ká, wíwú ti lọ, ó ń di kòlẹ́sẹ̀ wínníwínní bí ìgbà tó wà ní ọ̀dọ́. Nígbà tó di ọjọ́ ìsinmi, ó dìde jẹ́rìí níwájú ìjọ, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń ká ìka rẹ̀, ó ń nà án, kí gbogbo wọn lè rí i. Ó dárúkọ Jọkẹ́. Wọ́n ní lẹ́yìn ìsìn, àwọn obìnrin tó yí Jọkẹ́ ká ju èyí tó yí wòlíì ká lọ.

Kò pẹ́, Kíkẹ́lọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Ojú rẹ̀ kún, ó rí rogodo, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán. Ní tiwa níbí, ẹni tó bá rù là ń bi ní ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó bá sanra, kíkí la ń kí i. “Ara yín mà dá o!” “Ẹ ti ń jayé!” Wọ́n ń kí Ọláwálé náà, wọ́n ní ó ń tọ́jú aya, ọkùnrin náà sì ń gbà á mọ́ra. Ó ń jẹun bí ẹni tó ń jẹ fún èèyàn méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó sáàárín orúnkún onídìrí á rí ohun tí ẹni tó ń kí i lójú ọ̀nà kò ní í rí. Mo rí i pé ojú ń tóbi ṣùgbọ́n apá àti ẹsẹ̀ ń tín-ín-rín. Mo rí i pé ara rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, bí nǹkan bá ṣèèṣì gbá a, ojú ibẹ̀ á dúdú. Ẹnu òòyà gún un níka nígbà kan, egbò kékeré tó yẹ kó ti gbẹ kíákíá, ṣe ló ń ṣomi títí. Mo sọ fún un.

“Ìlara ni, Tíṣà,” ó ní. “Ìwọ náà lọ máa jẹun.”

A rẹ́rìn-ín. Ó lé lọ́dún kan tó ti ń mu àgúnmu náà láìjẹ́ kó yẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Nígbà tó di ọdún 1990, ìjọ wọn kéde ààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta lórí ilẹ̀ àdúrà wọn lẹ́yìn Òkukù. Kò sí oúnjẹ, kò sí omi. Nígbà tí ẹ̀kọ kò sí, àgúnmu náà kò sí nìyẹn. Èmi kì í ṣe ara wọn, ìjọ àwọn tó ń pariwo ni tèmi, bí Kíkẹ́lọmọ ṣe máa ń pè wá, ṣùgbọ́n èmi àti Ọláwálé wọ bọ́ọ̀sì lọ wò ó lọ́jọ́ tó yẹ kí wọ́n ṣínu.

Ibi tí a dé, èrò ti pé jọ. Agogo ń dún, wọ́n ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kọrin. Kíkẹ́lọmọ wà ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín wọn, ó nà gbalaja, ojú rẹ̀ ṣí díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ẹnì kan ti tẹ etí sí i lẹ́nu. Mo béèrè ohun tó dé, wọ́n ní kí n rọra sọ̀rọ̀, pé Ẹ̀mí ti gbé e láti òwúrọ̀, ó fẹ́ sọ ìran. Láti òwúrọ̀! Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá ṣubú nílẹ̀ àdúrà, a kì í gbé e, dídúró la ń dúró dè é kó jíṣẹ́. Mo kúnlẹ̀ tì í. Ara rẹ̀ tutù, òógùn bò ó bí ẹni tí wọ́n dà lómi. Ohun tó ń sọ ni pé, “Ẹ gbé mi.” Alàgbà kan ní ẹ gbọ́, ó ní Ẹ̀mí ń gbé òun ròkè ọ̀run.

Inú bí mi débi pé mo gbàgbé pé ilẹ̀ àdúrà ni mo wà. Mo ní ilé ló ní kí ẹ gbé òun lọ, ẹ̀yin èèyàn yìí! Ọláwálé kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ní tirẹ̀, ó gbé ìyàwó rẹ̀ sí èjìká, ó ń sáré lọ sójú títì. Bọ́ọ̀sì tó gbé wa kò dúró ní Inísà, ó gbé wa dé ọsibítù kan ní Ìkìrun.

Dókítà ibẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Ọláníyan, wọn ìfúnpá rẹ̀, ó ní ó ti lọ sílẹ̀ jù. Ó wo ojú rẹ̀ tó rí rogodo, ó wo apá rẹ̀, ó wo ojú ibi tó dúdú lára rẹ̀.

“Oògùn wo ni Mọ́mì ń lò?”

“Wọn kì í lo oògùn kankan,” mo ní. “Àgúnmu ewé ni wọ́n ń mu.”

“Wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀?”

“Ó lé lọ́dún kan.”

“Ìgbà wo ni wọ́n mu ún kẹ́yìn?”

“Kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀.”

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fún un lábẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó sì fẹ́ fa omi sí i lára. Ọláwálé wò mí, èmi náà wò ó. Àwa méjèèjì mọ̀ nípa ẹ̀jẹ́ náà. Ọkùnrin yẹn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà, mi ò lè gbàgbé rẹ̀. Ó ní, “Ẹni tó bá wà láàyè ló ń san ẹ̀jẹ́. Ẹ gún un.”

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Kíkẹ́lọmọ ti jókòó, ó ń béèrè oúnjẹ. Ṣe ló dà bíi pé wọ́n tan iná padà sí i lára. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí abẹ́rẹ́ yẹn ṣe jí i yẹn ti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dá òun lójú, kí n lọ mú àgúnmu náà wá.

Mo mú un wá lọ́jọ́ kejì. Ó da díẹ̀ sórí bébà, ó fi ìka tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó pè wá kí a wá wò ó. Láàárín ẹbu pupa rẹ́súrẹ́sú yẹn, nǹkan funfun wà níbẹ̀, kéékèèké, ọmọ odó kò rí i gún kúnná.

“Mọ́mì,” ó ní, “hóró oògùn òyìnbó ni wọ́n lọ̀ mọ́ ewé yìí. Sítẹ́rọ́ọ̀dù la ń pè é. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ fún yín. Oògùn téèyàn bá gbé mì, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ. Ẹ̀dọ̀ á máa tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kíndìnrín á máa tì í jáde pẹ̀lú ìtọ̀. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ní láti máa mu ún lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀, torí ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe irú ẹ̀. Ẹran kékeré méjì kan jókòó lórí kíndìnrín, iṣẹ́ tiwọn nìyẹn. Nǹkan tí wọ́n ń ṣe yìí la fi ń ní okun, òun la fi ń fara da ebi àti àìsàn. Tí ẹnì kan bá wá ń gbé oúnjẹ wá sílé yín láràárọ̀, tó tún pọ̀ ju èyí tẹ́ ẹ lè sè lọ, ṣé ẹ ó tún dáná?”

Kíkẹ́lọmọ mi orí.

“Ẹ ó pa iná ni. Bí ara yín ṣe ṣe nìyẹn. Nígbà tẹ́ ẹ wá gbààwẹ̀, agbóúnjẹ ò wá, iná ilé sì ti kú tipẹ́.”

“Ọ̀rẹ́ mi ló gún un,” ni Kíkẹ́lọmọ wí. “Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ́ mi.”

Dókítà ti bébà náà sún mọ́ ọn. Kíkẹ́lọmọ fi ìka kan nǹkan funfun náà, ó fi sẹ́nu. Ó korò. Lọ́jọ́ gbogbo ló ti ń tọ́ ìkorò yẹn wò nínú ẹ̀kọ, ó sì ti máa ń sọ fún mi pé ewúro Jọkẹ́ mà lágbára o. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó dùn mí wọra, mo wo ilẹ̀.

Èyí tó burú jù wá kù lẹ́yìn. Dókítà ní kò lè já oògùn náà lẹ́ẹ̀kan, bó bá já a, á kú. Hóró náà gan-an ni wọ́n máa fún un lójúkojú, wọ́n á sì máa dín in kù fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí iná inú ara rẹ̀ á fi tún ràn. Kíkẹ́lọmọ bi í bóyá kò sí ọ̀nà mìíì. Ó ní kò sí. Ó ní oògùn náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá, àwọn náà ń fi wo làkúrègbé nígbà mìíì, ṣùgbọ́n níwọ̀n ni, wọ́n á sì máa ṣọ́ aláìsàn. Ẹni tó bá ń mu ún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun ń mu ún.

Ó gba hóró náà sí àtẹ́lẹwọ́. Ó pẹ́ kó tó gbé e mì. Ó wá kọjú sí ògiri, ó sunkún, ẹkún tí kò ní ariwo. Ẹ̀jẹ́ tó fi ọmọ dè, ọ̀rẹ́ ti bá a tú u láràárọ̀ fún ohun tó lé lọ́dún kan, òun kò mọ̀.

Jọkẹ́ wá kí i. Ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn wá, ó ń tiro wọlé, torí orúnkún kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu fún ọdún púpọ̀. Ó ti ń sunkún láti ẹnu ọ̀nà pé ọ̀tá kò ní í yọ̀ wọ́n.

“Jọkẹ́,” ni Kíkẹ́lọmọ wí, “kí lo lọ̀ mọ́ àgúnmu mi?”

Ó kọ́kọ́ sẹ́. Mo na bébà yẹn sí i. Nígbà tó rí nǹkan funfun náà, ó jókòó sí etí ibùsùn.

“Kíkẹ́, ọwọ́ rẹ ti fẹ́ rọ. Ṣé kí n máa wò ọ́ ni? Ewé nìkan ò ká a. Oníkẹ́míìsì kan níbí ló sọ fún mi pé gbogbo wọn ń fi kún tiwọn. Ká ní mo sọ fún ọ, ṣé wàá gbà? Mo ràn ọ́ lọ́wọ́ ni.”

“Àwọn obìnrin ìjọ tó wá ra tiwọn lẹ́yìn ìjẹ́rìí mi ńkọ́? Ṣé o ràn wọ́n lọ́wọ́ náà ni?”

Jọkẹ́ fi etí ìró nu ojú.

“Orí mi lo fi ṣe pátákó ọjà. Ó dáa. Orúnkún rẹ tó ń dùn ọ́ yìí, ṣé o mu nínú àgúnmu náà rí?”

Mi ò tíì ronú kan ìyẹn tẹ́lẹ̀. Mo wo Jọkẹ́. Ó ń fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀ lábẹ́ ìró, ó ń wo ọsàn tó gbé wá. Kò mu ún rí. Ó mọ ohun tó ń ṣe àwọn tó ń mu ún, ìdí tí kò fi mu ún nìyẹn. Ó rí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń wú, ó sì wà lára àwọn tó ń kí i pé ara rẹ̀ dá. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé.

Bí wọ́n ṣe ń dín oògùn náà kù ni ìrora ń padà wá. Dókítà ní làkúrègbé náà kò dúró ní gbogbo ìgbà tí ìka ń ká wọ̀nyẹn, abẹ́lẹ̀ ló ti ń jẹ oríkèé lọ, sítẹ́rọ́ọ̀dù kàn ń pa ẹnu ìrora mọ́ ni. Ó fún un ní oògùn mìíì fún ìyẹn, ó sì gbà á, torí ẹ̀jẹ́ ti bàjẹ́ ná. Ṣùgbọ́n ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún ti wọ́. Irun onílà ńláńlá bíi tàwọn ọmọ iléèwé ló kù tó lè dì. Ó lọ dìde nínú ìjọ, ó gba ìjẹ́rìí rẹ̀ padà, ohun tí mi ò gbọ́ rí pé ẹnikẹ́ni ṣe. Ó ní kí ẹni tó bá ń mu àgúnmu náà má ṣe já a fúnra rẹ̀, kó lọ rí dókítà. Àwọn kan gbọ́, wọ́n lọ. Àwọn kan ní ó ń jowú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òmíì tiẹ̀ ní òun fẹ́ràn bí ojú òun ṣe kún.

Lẹ́yìn ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Alàgbà Ọmọ́ṣẹ̀yìndé kó àwọn àgbà ìjọ sẹ́yìn, wọ́n mú Jọkẹ́ wá bẹ Kíkẹ́lọmọ nílé. Èmi náà wà níbẹ̀. Jọkẹ́ kúnlẹ̀ tòun ti orúnkún dídùn, ó sunkún, ó ní iṣẹ́ èṣù ni. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ títí. Ní ilẹ̀ wa, bí àgbà bá fi irun funfun bẹ ọ́, ṣé wàá ní o kò gbà ni?

“Mo ti gbọ́, ẹ̀yin àgbà,” ni Kíkẹ́lọmọ wí. “Mo ti dárí jì í.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gbé orin. Alàgbà ní kí wọ́n bu omi tútù wá kí àwọn méjèèjì mu nínú ife kan náà, kí inú wọn lè tutù sí ara wọn. Kíá ni Jọkẹ́ ti dìde. Ó mọ ibi tí àmù wà nínú ilé náà, ó mọ ibi tí ife wà. Ó bu omi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

Kíkẹ́lọmọ wo omi náà. Kò na ọwọ́.

“Ìwọ kọ́kọ́ mu.”

Orin dá. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó bá gbé omi fún èèyàn ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ṣùgbọ́n a kì í pàṣẹ ẹ̀ fún ọ̀rẹ́. Jọkẹ́ gbé ife náà sẹ́nu, omi ń dà sí i láyà. Kíkẹ́lọmọ tẹjú mọ́ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ títí ó fi gbé e mì.

Ó wá ní òùngbẹ ò gbẹ òun.